Kí Ló Ń Pinnu Ohun Tó Wà Nínú Karọ́ọ̀tì?

Ní àwọn ilé ìtajà ńlá kan ní Lẹ́kí àti Ìkẹjà, wọ́n máa ń di karọ́ọ̀tì sínú ọ̀rá tó ń dán, wọ́n á sì lẹ ìwé mọ́ ọn pé "ọ́gáníìkì" ni. Owó rẹ̀ máa ń ju ti èyí tí àwọn ìyá alátẹ ń dà sórí àpò ní ọjà Máìlì 12 lọ dáadáa. Ìdí tí wọ́n fi ń béèrè owó náà ni pé ìgbẹ́ ẹran ni wọ́n fi gbìn ín, ajílẹ̀ òyìnbó kò dé ibẹ̀, oògùn apakòkòrò kò kàn án, nítorí náà ó ṣara lóore ju ti ọjà lọ. Apá àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ yìí lè jẹ́ òótọ́. "Nítorí náà" tó wà láàárín rẹ̀ ni mo fẹ́ yẹ̀ wò.

Ìwádìí lórí ọ̀ràn yìí kò wọ́n. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń gbin karọ́ọ̀tì sórí ebè ìdánwò, ní Dẹ́nmákì, ní Nọ́wè, ní Amẹ́ríkà, ní Bràsíìlì, tí wọ́n ń wọn ṣúgà rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ àti fítámìn rẹ̀. Ohun tí mo rí fà yọ nínú gbogbo rẹ̀ ni pé irúgbìn, ojú ọjọ́ àti iye ọjọ́ tí gbòǹgbò lò nínú ilẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Irú ajílẹ̀ ń tẹ̀ lé wọn ni, ó sì jìnnà sí wọn díẹ̀. Ibi tí ọwọ́ àgbẹ̀ ti lágbára gan-an ni ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí, ìyẹn ohun tí kò yẹ kó wà nínú karọ́ọ̀tì, tó sì wọ ibẹ̀.

Ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń wá. Ní 1831, onímọ̀ kẹ́míkà ará Jámánì kan, Heinrich Wackenroder, yọ ohun aláwọ̀ ọsàn kan jáde lára karọ́ọ̀tì, ó sì fi orúkọ karọ́ọ̀tì sọ ọ́. Òun ni kárótíìnì. Ó di 1930 kí Thomas Moore tó fi eku ṣe ìdánwò ní Cambridge, tó sì fi hàn pé ara máa ń sọ kárótíìnì di fítámìn A, èyí tí ojú fi ń ríran nínú ìmọ́lẹ̀ bàìbàì, tí ara sì fi ń lé àìsàn. Ìwé ìṣirò oúnjẹ ti ìjọba Amẹ́ríkà sọ pé karọ́ọ̀tì tútù tó wọn 100 gíráàmù ní nǹkan bí máíkírógíráàmù 8,300 bẹ́tà-kárótíìnì, àti nǹkan bí 3,500 álífà-kárótíìnì. Bí a bá ṣírò ohun tí ara lè rí mú níbẹ̀, ó tó máíkírógíráàmù 835 fítámìn A. Obìnrin tó ti dàgbà nílò 700 lójúmọ́, ọkùnrin nílò 900. Fítámìn C inú karọ́ọ̀tì kan náà kò pé mílígíráàmù 6. Ọsàn kan ṣoṣo á fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò yẹn sọ́kàn, torí ó wúlò ju ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn lọ. Ká ní ọ̀nà ìgbìn kan fi ìdá 10 nínú 100 kún kárótíìnì. Ẹni tó jẹ karọ́ọ̀tì kan tó sanra lónìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ohun tó tó o tẹ́lẹ̀, ara rẹ̀ á sì kàn dín iye tó ń sọ di fítámìn kù ni. Bó bá ń jẹ ẹ́ lájẹjù, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ewu rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí fítámìn A sì wọ́n lára rẹ̀ ní tòótọ́, ọmọ tó jẹ́ pé gààrí àti omi ọbẹ̀ ló ń rí jẹ, kì í rí karọ́ọ̀tì rárá. Àfikún ìdá 10 yẹn kò kàn án.

Irúgbìn ni baba ọ̀rọ̀ náà. Ẹ gbin karọ́ọ̀tì funfun àti èyí tó ní àwọ̀ ọsàn sórí ebè kan náà, ẹ fún wọn ní ìgbẹ́ kan náà àti omi kan náà. Ọ̀kan á kún fún kárótíìnì, èkejì á fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Ní agbègbè Páṣíà àti Afghanistan, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ sọ karọ́ọ̀tì di ohun oko ní ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, aláwọ̀ àlùkò àti aláwọ̀ ìyeyè ló wà. Ti àlùkò ní ańtọsáyánìn, irú èyí tó wà nínú omi sóbò. Ti ìyeyè ní lútíìnì. Oríṣi pupa kan wà tó ní láíkópíìnì bíi ti tòmátì. Aláwọ̀ ọsàn tí a mọ̀ gbilẹ̀ ní Yúróòpù láàárín nǹkan bí 1500 sí 1700, pàápàá ní Netherlands. Wọ́n máa ń sọ pé àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ló mú un jáde láti fi yẹ́ ìdílé ọba Orange sí. Ìtàn náà dùn, ẹ̀rí rẹ̀ ni kò sí.

Ní 2016, ẹgbẹ́ olùwádìí kan tí Philipp Simon wà lára wọn, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ẹ̀ka ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba Amẹ́ríkà ní Madison, tẹ àkọsílẹ̀ gbogbo àbùdá karọ́ọ̀tì jáde, ohun tó lé ní 32,000. Wọ́n tọ́ka sí èyí tó ń jẹ́ kí kárótíìnì kóra jọ sínú gbòǹgbò dípò kó dúró sínú ewé nìkan. Kí wọ́n tó ṣe ìyẹn ni Simon àti àwọn tó ṣáájú rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ náà ti ń fi ọ̀pọ̀ ọdún yan irúgbìn, débi pé wọ́n ní ẹ̀yà tí kárótíìnì inú rẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́ta ti karọ́ọ̀tì ọjà lọ. Kò sí ìgbẹ́ adìẹ, kò sí ajílẹ̀ òyìnbó tó ti ṣe irú rẹ̀ rí. Bí ẹnì kan bá ní karọ́ọ̀tì òun ṣara lóore ju ti ẹlòmíràn lọ, orúkọ irúgbìn ló yẹ kó kọ́kọ́ dá wa lóhùn, èmi kò sì tíì rí i lára ọ̀rá kankan.

Ní orílẹ̀-èdè wa, inú agolo àti sáṣẹ́ẹ̀tì tó ti òkè òkun wá ni irúgbìn náà sábà máa ń wà, àwọn orúkọ bíi Touchon, Nantes àti Kuroda sì ni àgbẹ̀ mọ̀. Kuroda wá láti Japan, ó ń fara da ooru díẹ̀. Àgbẹ̀ kò lè sọ pé òun á tọ́jú irúgbìn tòun bó ṣe ń tọ́jú ti àgbàdo, torí karọ́ọ̀tì tó pọ̀ jù kì í tanná títí di ọdún kejì, wọ́n sì gbọ́dọ̀ gba inú òtútù gidi kọjá kí wọ́n tó tanná. Bràsíìlì bá ìṣòro kan náà pàdé, wọn kò sì ká ọwọ́ gbera. Ní 1981, Embrapa, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba ibẹ̀, gbé irúgbìn kan jáde tí wọ́n sọ ní Brasília, tí àgbẹ̀ lè gbìn nínú ooru àti òjò. Látìgbà náà ni karọ́ọ̀tì ti di ohun tí wọ́n ń rí láti January dé December níbẹ̀. Mo rò pé owó tí à ń ná sórí àríyànjiyàn ajílẹ̀ ì bá wúlò jù bí a bá ná an sórí irú iṣẹ́ yẹn. A kò ṣàìní ibi tí a ti lè ṣe é: NIHORT, ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí ọ̀gbìn ewébẹ̀ àti èso, ti wà ní Ìbàdàn láti 1975.

Lẹ́yìn irúgbìn, ojú ọjọ́ ló kàn. Láàárín dìgírì 15 sí 21 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì ni gbòǹgbò karọ́ọ̀tì ti ń kó kárótíìnì jọ dáadáa jù. Bí ilẹ̀ bá tutù ju dìgírì 10 lọ, iṣẹ́ náà á fà. Bí ó bá sì gbóná kọjá 25 fún ìgbà pípẹ́, àwọ̀ á ṣá, gbòǹgbò á kúrú, á sì le. Ní Nọ́wè, wọ́n gbin karọ́ọ̀tì sínú yàrá tí wọ́n ti lè yan ìgbóná bó ṣe wù wọ́n, láti dìgírì 9 títí dé 21. Àwọn tó dàgbà nínú òtútù dùn, wọ́n lómi, wọ́n sì ń ró wàrà lẹ́nu. Kárótíìnì pọ̀ sí i nínú àwọn tó dàgbà nínú ìgbóná, ṣùgbọ́n wọ́n korò, nítorí tápíìnì, àwọn èròjà tó ń fún karọ́ọ̀tì ní òórùn rẹ̀, ti pọ̀ jù nínú wọn. Ahọ́n kì í ṣe adájọ́ tó ṣe é gbára lé níbí. Ẹni tó bu karọ́ọ̀tì jẹ, tó ní "èyí dùn, èròjà wà nínú rẹ̀", ṣúgà ló tọ́ wò.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ Òkè Ọya ni karọ́ọ̀tì wa ti ń wá. Ìlú Jos ga tó nǹkan bí mítà 1,200 sí ojú òkun, ìdí nìyẹn tí òtútù fi ń mú níbẹ̀ nígbà tí àwọn ará Èkó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ra. Ní Kaduna, àwọn àgbẹ̀ Hunkuyi àti Makarfi lẹ́bàá Zaria, títí dé ọ̀nà Kano, máa ń gbìn ín sí àkùrọ̀, ibi tí wọ́n ń pè ní fàdámà, lẹ́yìn tí òjò bá ti dáwọ́ dúró. Ọyẹ́ á wá dé. Ọ̀sán á móoru, òru á tutù, gbòǹgbò tó wà nínú ilẹ̀ á sì rí ìwọ̀n tó ń fẹ́ gan-an. Ní Ìbàdàn, Ìjẹ̀bú tàbí Ondó, òru wa kì í sábà tutù kọjá dìgírì 20, kódà nínú ọyẹ́. Ẹni tó bá gbin karọ́ọ̀tì síbẹ̀ á rí ewé rẹpẹtẹ àti gbòǹgbò tó kúrú bí ìka ọwọ́. Àwọn kan ń gbìyànjú rẹ̀ nínú àgbàlá, mo sì kí wọn kú iṣẹ́, àmọ́ ìwọ̀nba ni ìgbẹ́ adìẹ lè ṣe sí ọ̀rọ̀ ìgbóná.

Ẹ wá wo ohun tí èyí ń ṣe sí àfiwé tí à ń ṣe. Karọ́ọ̀tì tí wọ́n wú ní February, tó ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá sùn nínú ọyẹ́, kò lè rí bákan náà pẹ̀lú èyí tí wọ́n wú nínú ilẹ̀ kan náà ní May, nígbà tí oòrùn March àti April ti yan án. Irúgbìn kan náà ni, ajílẹ̀ kan náà, àgbẹ̀ kan náà. Bí a bá mú ti May, tí a fi ìgbẹ́ gbìn, tí a mú ti February, tí a fi ajílẹ̀ òyìnbó gbìn, tí a gbé àwọn méjèèjì lọ sí ilé àyẹ̀wò, oṣù ni a fi wéra. Púpọ̀ nínú ìwádìí tí wọ́n ń tọ́ka sí nínú ìwé ìròyìn bàjẹ́ síbi yìí gan-an. Wọ́n lọ ra karọ́ọ̀tì méjì lórí àtẹ, wọn kò mọ irúgbìn, wọn kò mọ ilẹ̀, wọn kò mọ ọjọ́ tí wọ́n wú u, wọ́n sì dá ajílẹ̀ lẹ́bi tàbí láre.

Iye ọjọ́ ńkọ́? Gbòǹgbò tó jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò tíì ní kárótíìnì púpọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ keje sí nǹkan bí oṣù mẹ́ta àbọ̀ ló ń kó o jọ, lẹ́yìn ìyẹn ni ìlọsókè náà á wá rọ̀. Níbi yìí ni owó ti ń wọ inú ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Bí karọ́ọ̀tì bá wọ́n lọ́jà, alágbàtà á gun àgbẹ̀ lórí pé kó wú u, ó sì lè wú u kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Àwọn tó ń ra karọ́ọ̀tì kéékèèké nínú ọ̀rá nílẹ̀ òkèèrè, tí wọ́n rò pé ọmọ ìkókó karọ́ọ̀tì ni, kò mọ̀ pé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ àgbà karọ́ọ̀tì tí ẹ̀rọ gé sí wẹ́wẹ́. Mike Yurosek, àgbẹ̀ kan ní California, ló dá a sílẹ̀ ní 1986 nítorí karọ́ọ̀tì wíwọ́ tí kò rí tà. Ní ti èròjà, ó sàn kó jẹ́ àgbà bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ilẹ̀ oníyanrìn tó rọ̀, tó jìn, ni karọ́ọ̀tì fẹ́. Bí ó bá kan òkúta tàbí amọ̀ líle, á yọ ẹsẹ̀ méjì mẹ́ta. Ìgbẹ́ tútù tí kò tíì jẹrà máa ń ṣe é bẹ́ẹ̀, aràn inú ilẹ̀ náà sì ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ìrísí ìyẹn ń ba ọjà jẹ́ ju oúnjẹ lọ. Orí gbòǹgbò tí oòrùn bá rí á di aláwọ̀ ewé, á sì korò, ìdí nìyẹn tí àgbẹ̀ tó mọ iṣẹ́ fi ń kó erùpẹ̀ bò ó.

Ó wá kan ajílẹ̀, tí gbogbo ènìyàn ń jà sí. Ní 1993, Ahmad Mozafar, tó ń ṣiṣẹ́ ní Zurich, kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ lórí ohun tí ajílẹ̀ náítírójìn ń ṣe sí fítámìn inú ohun ọ̀gbìn. Ohun tó rí ni pé bí náítírójìn bá pọ̀, kárótíìnì àti fítámìn B1 máa ń pọ̀ sí i, fítámìn C sì máa ń dín kù. Ẹ tún un kà. Ẹni tó ń sọ pé ajílẹ̀ òyìnbó ń pa fítámìn jàre bó bá jẹ́ C ló ń wí. Bó bá jẹ́ kárótíìnì, tí a tìtorí rẹ̀ ń ra karọ́ọ̀tì, ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà pátápátá. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Náítírójìn ni ewé fi ń gbòòrò, kárótíìnì sì ń bá ewé tó tutù yọ̀yọ̀ rìn. Ṣùgbọ́n ṣúgà tí ìbá lọ sí gbòǹgbò, tí fítámìn C ti ń jáde, ni ewé náà fi ń ṣe ara rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Àṣejù tún ní ẹ̀tẹ́ tirẹ̀, torí náítíréètì á kó jọ sínú gbòǹgbò, ìtọ́wò á dà nù, karọ́ọ̀tì á sì tètè jẹrà nínú àpò. Pòtásíọ̀mù ni ọ̀rẹ́ gbòǹgbò. Ilẹ̀ tí kò bá ní in tó kì í fúnni ní karọ́ọ̀tì tó dùn, eérú inú ààrò tí àwọn ìyá wa ń dà sídìí ewébẹ̀ sì ní in dáadáa.

Ìgbẹ́ adìẹ àti ti màlúù náà ní náítírójìn. Ìyàtọ̀ ni pé díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń tú u sílẹ̀, bí àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín inú ilẹ̀ bá ṣe ń jẹ wọ́n. Gbòǹgbò kì í béèrè ibi tó ti wá, torí nígbà tí yóò fi wọ inú rẹ̀, náítíréètì kan náà ni. Ohun tí ìgbẹ́ fi ju àpò ajílẹ̀ lọ ni ohun tó ń ṣe fún ilẹ̀. Ilẹ̀ á rọ̀, á di omi mú, àgbẹ̀ á sì lè gbìn ín lọ́dún mẹ́wàá sí i. Ìyẹn tó ìdí láti lo ìgbẹ́. Kò wá yẹ ká gbé orúkọ fítámìn wọ̀ ọ́ kí ó tó ní iyì.

Àwọn kan á ní oúnjẹ ayé àtijọ́ ṣara lóore ju ti òde òní lọ. Ẹ̀rí tí wọ́n ń gbé jáde ni iṣẹ́ Donald Davis àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Texas, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2004. Wọ́n fi ìwé ìṣirò oúnjẹ Amẹ́ríkà ti 1950 wé ti 1999 lórí ohun ọ̀gbìn 43, wọ́n sì rí i pé èròjà mẹ́fà ti dín kù, irin àti kálísíọ̀mù wà lára wọn. Irúgbìn tí wọ́n yàn nítorí pé ó ń sanra ni wọ́n fura sí jù. Bí gbòǹgbò bá wú lójijì, omi àti ṣúgà á pọ̀ nínú rẹ̀ ju èròjà lọ. Ní 2017, Robin Marles láti Kánádà tún ẹjọ́ náà gbọ́. Ó ní ìyàtọ̀ náà kò kọjá èyí tó máa ń wà láàárín oko kan sí èkejì, àti pé ọ̀nà tí wọ́n fi ń wọn èròjà ti yí padà. Èmi fara mọ́ Marles lórí ìṣirò, mo sì fara mọ́ Davis lórí irúgbìn. Karọ́ọ̀tì ní ọ̀nà tirẹ̀ láàárín wọn, torí àwọ̀ ni àwọn tó ń yan irúgbìn rẹ̀ ń wò, àwọ̀ náà sì ni kárótíìnì. Karọ́ọ̀tì Amẹ́ríkà òde òní ní kárótíìnì ju ti ìgbà tí àwọn bàbá wọn wà lọ́mọdé lọ.

Mẹ́ta nínú àwọn àgbéyẹ̀wò ńlá lórí ọ́gáníìkì ló yẹ kí ẹ mọ̀. Ní 2009, Alan Dangour àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní London yẹ ìwádìí àádọ́ta ọdún wò, wọn kò rí ìyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì nínú ọ̀pọ̀ èròjà. Ní 2012, àwọn ti Yunifásítì Stanford sọ ohun tó jọ ọ́. Ní 2014, ẹgbẹ́ kan tí Yunifásítì Newcastle ṣáájú rẹ̀ kó ìwé 343 jọ, wọ́n sì ní èròjà bíi pólífínọ́ọ̀lì pọ̀ sí i nínú ohun ọ̀gbìn ọ́gáníìkì. Ariwo sọ. Ṣùgbọ́n pólífínọ́ọ̀lì kọ́ ni a mọ karọ́ọ̀tì aláwọ̀ ọsàn mọ́. Lórí karọ́ọ̀tì gan-an, iṣẹ́ tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù ni ti Dẹ́nmákì, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2011. Wọ́n gbìn ín sórí oko ìdánwò lọ́nà méjèèjì, wọ́n sì fún àwọn ọkùnrin kan jẹ, láìjẹ́ kí wọ́n mọ èyí tí wọ́n ń jẹ. Kárótíìnì inú gbòǹgbò kò yàtọ̀, èyí tó dé inú ẹ̀jẹ̀ wọn náà kò yàtọ̀.

Síbẹ̀, kò túmọ̀ sí pé ọwọ́ ènìyàn kò lè yí èròjà padà. Sẹlẹ́níọ̀mù kò tó nínú ilẹ̀ Fínlándì, ìjọba ibẹ̀ sì ní kí wọ́n máa pò ó mọ́ ajílẹ̀ láti àárín àwọn ọdún 1980. Èyí tó wà nínú oúnjẹ àti nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ìlú sì gòkè. Ajílẹ̀ òyìnbó ni wọ́n fi ṣe é o. Ní 2008, Kendal Hirschi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Texas ròyìn karọ́ọ̀tì kan tí wọ́n tún àbùdá rẹ̀ ṣe, tí kálísíọ̀mù tí ara àwọn tó jẹ ẹ́ rí gbà níbẹ̀ fi ìdá 41 nínú 100 ju ti karọ́ọ̀tì lásán lọ. Bí a bá fẹ́ èròjà kan, a lè fi í síbẹ̀. Àfi ká má kàn máa retí pé á ti inú àkọlé wá.

Ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí ni mo sọ pé ọwọ́ àgbẹ̀ ti lágbára. Gbòǹgbò ni karọ́ọ̀tì, inú erùpẹ̀ ló ń gbé, ohun tó bá sì wà nínú erùpẹ̀ náà kò jìnnà sí i. Òjé àti kádímíọ̀mù kò ní òórùn, wọn kò sì ní àwọ̀. Ní àwọn ibi kan ní Amẹ́ríkà, ilẹ̀ tí wọ́n ti ń fọ́n oògùn olójèé sí lára igi ápù láyé ọjọ́un ṣì ń fún karọ́ọ̀tì ní òjé títí dòní. Kádímíọ̀mù máa ń bá ajílẹ̀ fọ́sífétì wọlé, torí ó wà nínú òkúta tí wọ́n fi ń ṣe é. Níbí ni àgbéyẹ̀wò Newcastle ti ṣe ọ́gáníìkì lóore. Kádímíọ̀mù kéré sí i nínú rẹ̀, pàápàá nínú ọkà, ìgbà tí wọ́n sì rí àjẹkù oògùn apakòkòrò lára ohun ọ̀gbìn yòókù tó ìlọ́po mẹ́rin ti ọ́gáníìkì. Bí mo bá máa san owó lé karọ́ọ̀tì, nítorí èyí ni.

Àmọ́ àkọlé náà kì í sọ irú omi tí wọ́n bu sí i. Ní Kano, odò Jakara ń ru omi ìdọ̀tí ìlú, àwọn àgbẹ̀ sì ń fi í bomi rin ewébẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, torí omi mìíràn kò sí. Ìgbẹ́ tútù tí kò tíì jẹrà jẹ́ ọ́gáníìkì pátápátá, ó sì lè gbé ẹyin aràn wọ ilé ẹni. Omi tí wọ́n fi ń fọ karọ́ọ̀tì lọ́jà kí ó lè máa dán tún wà níbẹ̀, nígbà mìíràn inú garawa kan náà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Karọ́ọ̀tì tí ọmọ ilé ìwé ń rún lójú títì kò la iná kọjá. Àìsàn tí omi yẹn lè fà yá ju àǹfààní fítámìn èyíkéyìí lọ.

Ìrìn àjò láti Zaria dé Èkó lé ní kìlómítà 800. Kárótíìnì kì í tètè bàjẹ́. Nínú òtútù tó ní ọ̀rinrin, ó lè dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù. Fítámìn C ni ó ń sá lọ, omi inú gbòǹgbò sì ń gbẹ. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé bí wọ́n bá kó karọ́ọ̀tì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí máńgòrò tó ń pọ́n, atẹ́gùn tó ń jáde lára èso náà máa ń mú karọ́ọ̀tì korò. Àgbẹ̀ lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ pé, kí ọkọ̀ bà á jẹ́.

Ilé ìdáná ló wá ń ṣe ohun tí oko kò lè ṣe. Ní 2003, wọ́n wọn iye bẹ́tà-kárótíìnì tí ara ń gbà lára karọ́ọ̀tì: tútù, nǹkan bí ìdá 41 nínú 100; èyí tí wọ́n sè tí wọ́n sì lọ̀, ìdá 65. Ní Iowa ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn tó jẹ ewébẹ̀ tí kò ní ọ̀rá kankan fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí kárótíìnì gbà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi òróró sí i, ara wọn gbà á. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín 41 àti 65 ju gbogbo ohun tí àwọn ẹgbẹ́ ọ́gáníìkì àti ẹgbẹ́ ajílẹ̀ ti ń jà sí lórí karọ́ọ̀tì lọ. Apá ìta gbòǹgbò sì ní kárótíìnì ju àárín rẹ̀ lọ, nítorí náà kí ẹ fọ̀ ọ́ mọ́, kí ẹ má bó o nípọn.

Epo pupa tí kò tíì la ẹ̀rọ ìfọ̀mọ́ kọjá ní nǹkan bí mílígíráàmù 500 sí 700 kárótíìnì nínú kìlógíráàmù kan. Ti karọ́ọ̀tì inú ìwé ìṣirò Amẹ́ríkà kò ju nǹkan bí 120 lọ. Ọ̀rá ti wà nínú epo náà tẹ́lẹ̀, kò sì nílò ọyẹ́ kó tó pọ́n. Ẹni tó ń ra karọ́ọ̀tì olówó gọbọi nítorí fítámìn A, tó sì ti lé epo pupa kúrò nílé pé ti àwọn ará oko ni, ṣì ní ìṣirò kan láti tún ṣe.